Kò-Níí-Yá àti Ìdí Fèrèsé

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá télọ̀ ń parọ́, ẹ bi í ní ọjọ́ tí aṣọ yóò yá. Èyí tó bá dáhùn pé "Ọjọ́ Ẹtì, láìyẹ̀" ti parọ́ tán nìyẹn. Iṣẹ́ télọ̀ lèmi náà ń ṣe, n kò lè bú ara mi, àmọ́ bó ṣe rí la wí yìí. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ dé, tó ní òun fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n mi á wo aṣọ náà, á wo èyí tó wà nílẹ̀, á ní, "Kò níí yá." Kò ní í bẹ̀bẹ̀, kò ní í ṣàlàyé. Inú á bí àwọn kan, wọ́n á gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, nígbà tó bá yá wọ́n á padà wá, wọ́n á máa rọra yọjú lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tó fọ́ àwo. Bó ṣe di pé gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é ní Kò-Níí-Yá nìyẹn.

Ẹ má bínú pé n kò pè é ní "wọn". Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ ń sùn títí ó fi relé ọkọ. Tí mo bá ní kí n máa bọ̀wọ̀ fún un nínú ìtàn, òun gan-an ló máa kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Lójú àwọn èèyàn, "Ẹ̀gbọ́n" ni mò ń pè é, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Yàrá iṣẹ́ wa wà lókè ilé ìtajà bàtà kan. Ó gùn, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, ibẹ̀ kò sì gbà ju tábìlì kan lọ. Àwa yòókù, abẹ́ gílóòbù la ti ń ránṣọ. Gílóòbù kò burú fún aṣọ funfun. Àmọ́ aṣọ dúdú la fi ń jẹun níbẹ̀: kóòtù dúdú, ṣòkòtò dúdú, òwú dúdú lórí aṣọ dúdú. Ẹni tó bá ti rán an rí lábẹ́ iná mọ̀ pé ńṣe ni iná náà á kàn máa dán lórí aṣọ, ojú rírán á sì pòórá.

Bàbá Onísísọ́ọ̀sì, tó ń gé aṣọ fún gbogbo wa, ló ni ìdí fèrèsé yẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn mọ́, ó kí wa pé ó dìgbà, ó lọ jókòó sílé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìdí fèrèsé ṣófo.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́. Nǹkan funfun kan ti ń rọra bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Dókítà ojú ní awòjú ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, iṣẹ́ abẹ ló kù, wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ èrò pọ̀ níwájú. Títí yóò fi kàn án, ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ nìkan ló lè fi rán aṣọ dúdú kó má wọ́. Èmi nìkan ló mọ̀. Èmi ni mò ń tètè dé láàárọ̀, tí mò ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un, tí mò ń gún wọn mọ́ ìrọ̀rí kékeré orí tábìlì rẹ̀ kí àwọn tó kù tó gòkè wá.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò sọ fún Ọ̀gá. Ẹ kò mọ Ọ̀gá wa ni. Obìnrin kan wà tó ń rán kọ́là lọ́dọ̀ wa, ó sọ fún Ọ̀gá pé ọwọ́ ń dun òun. Ọ̀gá káàánú rẹ̀ gan-an, ó ní kó lọ sinmi. Inú ìsinmi yẹn náà lobìnrin náà wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó ń bá ẹ̀gbọ́n mi du ìdí fèrèsé ni ọkùnrin kan tí à ń pè ní Kóòtù, nítorí kóòtù ló ń rán. Ó kéré sí wa lọ́jọ́ orí, ọwọ́ rẹ̀ já fáfá, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó ní atẹ́gùn lòun fẹ́. Atẹ́gùn kọ́. Ó fẹ́ máa yọrí síta bá àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀ tàkúrọ̀sọ ni. Ọ̀gá ní ká lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara wa, kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹjọ́ wá bá òun.

Ní yàrá wa, káàdì ló ń yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Pókà ni, Bàbá Onísísọ́ọ̀sì ló kọ́ wa. Lọ́sàn-án Sátidé, tí iṣẹ́ bá parí, a ó palẹ̀ tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ mọ́, a ó jókòó yí i ká. A kì í fowó sí i. Bọ́tìnnì la fi ń ta á, kálukú á gba ẹ̀kúnwọ́ kan náà, ẹni tí tiẹ̀ bá tán ti jáde. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù, tó ń lọ aṣọ, ló ń pín káàdì, torí òun kì í ta, kò sì sẹ́ni tó láyà láti bá a jiyàn. Ẹni tó bá ń wòran kò gbọ́dọ̀ la ẹnu.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ta: wọ́n á fún kálukú ní káàdì méjì tí ẹlòmíì kò gbọ́dọ̀ rí. Wọ́n á wá ṣí márùn-ún sáàárín tábìlì fún gbogbo ayé, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èyí tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti ń ṣí i ni ẹni tó bá láyà á máa ti bọ́tìnnì síwájú, ẹnì kejì á fi iye kan náà bá a, tàbí kó ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀ kó gbà pé ó ti tán. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sá títí dé òpin, wọ́n á ṣí ọwọ́ wọn, ẹni tí káàdì rẹ̀ bá lágbára jù ló kó gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sá, ẹni tó kù kò ní láti fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parọ́.

Irọ́ inú ẹ̀ sì yàtọ̀ síra. Kí káàdì tó kẹ́yìn tó dé, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ṣì lè máa retí, ó lè bọ́ sí i. Bí èyí tó kẹ́yìn bá ti wà nílẹ̀, kò sí ìrètí kankan mọ́. Ohun tó o ní lo ní. Tó o bá tún wá ti bọ́tìnnì síwájú láìní nǹkan kan lọ́wọ́, ojú ẹni tó o fẹ́ tàn jẹ nìkan lo gbójú lé.

Kóòtù, ìhàlẹ̀ ló mọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo, á dìde dúró, á lu tábìlì, á ní, "Ẹ sá o! Ẹ sá fún mi lónìí o!" Tí káàdì gidi bá wá bọ́ sí i lọ́wọ́, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Gbogbo wa la mọ̀, òun nìkan ni kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ kì í halẹ̀, kì í tanni jẹ. Tí kò bá ní i, á jù ú sílẹ̀. Tó bá ti bọ́tìnnì kan ṣoṣo síwájú, kálukú ti fò dìde. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ tó bó ṣe yẹ, torí kò sẹ́ni tó máa ń dúró dè é.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, àwọn mẹ́ta ló jókòó. Ẹnì kẹta ni Bàbá Ṣòkòtò, tí kò fẹ́ fèrèsé rárá, tó kàn wá kí wọ́n má bàa ṣe é lẹ́yìn òun. Kò pẹ́ tí bọ́tìnnì rẹ̀ fi tán. Ó ní wọ́n yan òun jẹ, ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi. Ó ku àwọn méjì, bọ́tìnnì wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ibi tí mo jókòó sí, mo ń rí káàdì ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù fún un ní méjì, pupa ni méjèèjì: áàsì tó ní àmì ọkàn, àti mẹ́sàn-án tó ní àmì dáyámọ́ńdì. Káàdì wa ti gbó, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Kóòtù ti bọ́tìnnì síwájú, ó ń sọ̀rọ̀ àna rẹ̀ kan tó ra kẹ̀kẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n gùn. Ẹ̀gbọ́n mi bá a fi tiẹ̀ sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, torí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, jíjù ló máa ń jù ú.

Wọ́n ṣí mẹ́ta: ọba ọlọ́kàn, mẹ́rin ọlọ́kàn, méje dúdú kan tó ní àmì ewé. Bí ọba yẹn ṣe balẹ̀, ọ̀rọ̀ àna dúró sí agbede méjì. A kò gbọ́ bóyá ó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ tàbí kò ṣubú. Ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́tìnnì síwájú, Kóòtù bá a, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ṣí ìkẹrin: méjì ọlọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi tún ti òmíràn, ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ bí ìgbà tó ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ẹni tó bá ní márùn-ún tí àmì wọn dọ́gba ti dé ibi gíga ní pókà. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé òun ní márùn-ún ọlọ́kàn: áàsì, mẹ́sàn-án, àti mẹ́ta tó wà nílẹ̀. Ó ti fi mẹ́sàn-án dáyámọ́ńdì pe ọlọ́kàn. Mẹ́rin ló ní, mẹ́rin kò sì já mọ́ nǹkan kan. Mo di ẹnu mi mú. Bàbá Ṣòkòtò gún mi ní ìgúnpá, ó fojú bi mí pé kí ló dé, mo ní eyín ló ń dùn mí.

Wọ́n ṣí èyí tó kẹ́yìn: mẹ́wàá dúdú, èyí tó ní àmì ọ̀kọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tún gbé káàdì rẹ̀ méjèèjì wò. Ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, síhà ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé díẹ̀ láti fèrèsé. Mo rí i tí àtàǹpàkò rẹ̀ dúró lórí àmì kan. Ọkàn, orí rẹ̀ pín sí méjì. Ti dáyámọ́ńdì rí ṣóńṣó. Ọrùn rẹ̀ le gbagidi. Mo mọ̀ pé ó ti rí i.

Bá a ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ náà ló sọ ohun tó rò fún mi. Ó ní òun kọ́kọ́ fẹ́ jù ú sílẹ̀, bí òun ti máa ń ṣe. Àmọ́ òun bi ara òun pé kí ni Kóòtù ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti rí obìnrin tí kì í parọ́ tó ń ti bọ́tìnnì síwájú, tó ń fi kún un bí ọkàn ṣe ń pọ̀ sí i nílẹ̀. Kò sí ibì kan tó já nínú rẹ̀, nítorí òun alára gbà á gbọ́ nígbà tí òun ń ṣe é. "Aṣọ náà ti délẹ̀," ó ní, "inú ẹ̀ nìkan ni kò ní aṣọ ìtẹ́nú. Ta ló máa tú u wò?" Ó tún ní áàsì ọlọ́kàn wà lọ́wọ́ òun, nítorí náà Kóòtù kò lè ní ọlọ́kàn tó ga jù, ohunkóhun tó bá ní, ẹ̀rù gbọ́dọ̀ bà á. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé Kóòtù mọ bí wọ́n ṣe ń sá. Ẹni tí kì í sá, ẹ má wulẹ̀ parọ́ fún un, ẹ kàn ń fi bọ́tìnnì yín tọrẹ ni.

Gbogbo ìyẹn ló rò láàárín ìgbà tí mo fi mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì ti gbogbo bọ́tìnnì tó kù síwájú.

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn."

Kò gbé ohùn sókè, kò rẹ ohùn sílẹ̀. Bó ṣe ń sọ fún oníbàárà náà ló ṣe sọ ọ́.

Kóòtù wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó nu iwájú orí. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé ọkàn wà lọ́wọ́ yín lóòótọ́?"

"Bọ́tìnnì mi ti sọ̀rọ̀."

"Ẹnu yín ni mo fẹ́ gbọ́."

"Tó o bá fẹ́ rí i, mú tìẹ wá."

Kóòtù gbé bọ́tìnnì, ó gbé e sílẹ̀. Ó tún gbé e. Èmi ti ń bẹ Ọlọ́run nínú mi, mò ń ṣe ìlérí tí n kò lè mú ṣẹ. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù ní, "Ṣé títí ilẹ̀ á fi ṣú ni?" Kóòtù mí kanlẹ̀, ó da káàdì rẹ̀ méjèèjì dojú bolẹ̀ níwájú ara rẹ̀.

"Obìnrin tí kò lè purọ́ ọjọ́ Ẹtì fún oníbàárà," ó ní. "Màá ṣe wèrè débi tí màá fi dúró dè é? Ẹ gba fèrèsé yín."

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Àmọ́ ara Kóòtù kò gbà á. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń fa bọ́tìnnì mọ́ra, ọkùnrin yìí na ọwọ́ fìrì, ó sì ṣí káàdì ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, èyí tó lòdì sí gbogbo òfin wa. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù kígbe mọ́ ọn. Kóòtù kò gbọ́. Ó tẹjú mọ́ mẹ́sàn-án yẹn.

"Dáyámọ́ńdì!" ó ní. "Ẹ̀gbọ́n, dáyámọ́ńdì nìyí! Ẹ kò ní nǹkan kan!" Ẹnu rẹ̀ wá rọlẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa parọ́. Ẹ rò pé ọlọ́kàn ni. Ojú yín kò rí i ni."

Bàbá Ṣòkòtò yí ojú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù náà yíjú sí i, ó sì ń wò ó bí ẹni tó ń rántí àwọn nǹkan kan. Tí ọ̀rọ̀ yẹn bá fi lè sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sinmi nìyẹn. Ọ̀nà tó rọrùn jù ló wà nílẹ̀ fún un: kó ní àṣìṣe ni, kó rẹ́rìn-ín, kí orúkọ rẹ̀ má bà jẹ́. Mo tiẹ̀ ti la ẹnu láti bá a sọ ọ́, n kò ronú pé ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ ni yóò fi jẹ́wọ́.

"Mo rí i," ẹ̀gbọ́n mi ní.

"Ẹ rí i?"

"Mo mọ̀ pé dáyámọ́ńdì ni kí n tó ti bọ́tìnnì yìí síwájú. Mo tàn ọ́ jẹ ni, Kóòtù. Irọ́ ni mo pa."

Bàbá Ṣòkòtò ní, "Háà!" Àmọ́ Kóòtù kò mì. Ó fa ọ̀kan yọ nínú káàdì tó dà dojú bolẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí, ó gbé e sókè ní òdìkejì tábìlì lọ́hùn-ún, lábẹ́ gílóòbù.

"Ó dáa. Tójú yín bá dá ṣáká, kí nìyí?"

Mo mọ̀ pé kò lè rí i. Láti ibi tó jókòó sí, ọwọ́ Kóòtù gan-an lè má ju kùrukùru lọ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ dìde, kí n da nǹkan nù, kí n ṣubú lulẹ̀, ohunkóhun.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ń kó bọ́tìnnì sínú agolo wọn, àwọn ńlá lọ́tọ̀, àwọn kékeré lọ́tọ̀.

"Ọba ni," ó ní. "Èyí tó kù nílẹ̀ yẹn náà, ọba ni. Ìgbà tí ọba ilẹ̀ ti jáde lẹnu rẹ ti pa mọ́. Ìwọ lo jókòó ti ọba mẹ́ta, tó o sá fún mi."

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù na ọwọ́, ó ṣí èyí tó kù nílẹ̀. Ọba. Ariwo sọ. Bàbá Ṣòkòtò fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní Kò-Níí-Yá ti kú lónìí, Ayédèrú la ó máa pè é. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó ní láti òní lọ òun kò ní gba obìnrin yìí gbọ́ mọ́ tó bá ní ilẹ̀ ti mọ́. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ló mọ ohun tó ná an. Láti kékeré ló ti ń tọ́jú orúkọ ẹni tí kì í parọ́ yẹn, ó ti pàdánù oníbàárà nítorí rẹ̀, ó sì jù ú nù lójú gbogbo wa nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Inú bí mi sí gbogbo wọn, inú bí mi sí Ọ̀gá jù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kóòtù kò rẹ́rìn-ín. Ó tún káàdì to, ó fún Ìyá Aláyọ́ọ̀nù, ó wá lọ sídìí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí n di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. A gbé e lọ sí ìpẹ̀kun yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àga rẹ̀ tẹ̀ lé wa. Ibi tí mo fẹ́ kí tábìlì dojú kọ, Kóòtù kò gbà. Ó yí i títí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba ọwọ́ òsì wọlé, kí òjìji ọwọ́ ọ̀tún má bàa bo ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ. N kò sọ fún un. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ tó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n. Ọba wo ni mo gbé sókè? Ti ewé ni àbí ti ọ̀kọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu. Ó tún pa á dé. Ó di etí tábìlì mú.

Kóòtù fi ọwọ́ méjèèjì mi tábìlì náà wò, síwá, sẹ́yìn. Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, ohùn tí gbogbo àdúgbò mọ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

"Ó dúró dáadáa!" ó ní. "Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó síbi yín."